Ilé Onímítà Kan

Ẹ̀yin tí ẹ ní mítà tiyín, tí ẹ bá tẹ bọ́tìnì tí iná tàn, tí ẹ sì lè sùn láìbá ará ilé jà, ẹ kú oríire. Ẹ máa dúpẹ́. Ní Sawaba, ní ìlú Kumasi, nínú ilé tí Jímọ̀h àti Rùkáyátù ìyàwó rẹ̀ ń gbé, mítà kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo ayálégbé, iná tó sì ń gba inú mítà náà kọjá, ìgbà tó bá wu àwọn tó ni ín ni wọ́n ń mú un wá, ìgbà tó bá sì wù wọ́n ni wọ́n ń mú un lọ. Àwọn ará Kumasi ti fún un lórúkọ. Dumsɔ ni wọ́n ń pè é: pa á, tàn án. Ó dùn ún pè lẹ́nu. Ẹ bi Rùkáyátù bó ṣe rí lára.

Láti ìrọ̀lẹ́ àná ni wọ́n ti mú un lọ, kò sì dé títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Bí ládánì ṣe ń pèrun àsùbáà báyìí, fìrì, iná tàn, gbogbo ilé hó yèè. Jímọ̀h tó ti ṣe àlùwàlá, tó ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, sáré padà, ó fa wáyà gba ojú fèrèsé, ó so ó mọ́ ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́nu géètì. "Alihamudulilahi," ló wí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọkọ̀ oníná ni ọkọ̀ Jímọ̀h, bọ́ọ̀sì funfun tí wọ́n fi ń kó ẹrù, tí kì í mu epo, tí kì í sì pariwo lójú títì. Ẹrù àwọn oníṣòwò ló fi ń rù lọ sọ́jà, inú rẹ̀ ni oúnjẹ ìyàwó, ọmọ àti ìyá ti ń jáde. Nígbà tó kọ́kọ́ gbé e dé, gbogbo àdúgbò ló wá wò ó. "Bàbá Màrwà ti bọ́ lọ́wọ́ epo," ni wọ́n ń wí. Ó bọ́ lọ́wọ́ epo lóòótọ́. Ọwọ́ iná ló bọ́ sí.

Ibi méjì péré ni ọkọ̀ náà ti lè gba ṣáájì. Ti ilé wà, èyí tó ń wọlé díẹ̀díẹ̀ bí omi ẹ̀rọ tó fẹ́ gbẹ, tó ń fẹ́ gbogbo òru, tó sì ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín ayálégbé. Ti ìta sì wà, ní ilé epo kan ní Santasi, òdìkejì ìlú pátápátá. Ìyẹn yá, ṣùgbọ́n ó wọ́n, àwọn ọkọ̀ a sì máa tò síbẹ̀ lọ rẹrẹẹrẹ, bí wọ́n bá sì mú iná Santasi lọ nígbà tó kan ìwọ, o ti lọ lófo nìyẹn. Kí ló dé tí kò gba mítà tiẹ̀? Ó ti béèrè ní ọ́fíìsì àwọn oníná. "Kò tíì sí, ẹ padà wá," ni wọ́n ń wí fún un, ó lọ títí àwọn tó ń wí i fi ń kí i bí ará ilé wọn. Ká ní ẹni tó jókòó sẹ́yìn tábìlì níbẹ̀ gbé Sawaba fún oṣù kan péré ni, ẹnu rẹ̀ ì bá yí padà.

"Maame Màrwà! Maame Màrwà, jáde wá!"

Akua ló ń pe Rùkáyátù bẹ́ẹ̀. Ọmọ Asante ni, ẹja yìnyín ló ń tà, yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwọn, ó sì ti pẹ́ nínú ilé náà tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń fi Yorùbá gbọ́ ìjà, tó sì ń fi Yorùbá parí rẹ̀. Rùkáyátù jáde, ó ń nu ọwọ́ sára ìró.

"Ẹ káàárọ̀, Àǹtí Akua."

"Káàárọ̀ kí ni? Wá wo ẹja mi." Ó fà á lọ́wọ́ wọ inú yàrá. Lábẹ́ fíríísà, omi pupa ti ṣàn dé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. "Láti àná ló ti ń yọ́. Iná dé, mo ní ó ti bùṣe. Ọkọ rẹ so ọkọ̀ mọ́ ọn. Tẹ́tí gbọ́! Ṣé o gbọ́ bó ṣe ń kérora? Iná yẹn ò tó. Ọkọ̀ yín ń já a gbà mọ́ ọn lẹ́nu."

"Ẹ má bínú. Wọn ò ní pẹ́ dé láti mọ́ṣáláṣí, wọ́n á yọ ọ́."

"Kí ó tó dé ńkọ́? Kí wọ́n tún mú un lọ? Mepa wo kyɛw, mo bẹ̀ ọ́. Òru la jọ ṣàdéhùn pé kí ọkọ̀ yín máa gba iná, ilẹ̀ ti mọ́. Èmi ni mo ra krẹ́díìtì ọ̀sẹ̀ yìí. Kì í ṣe pé mo fẹ́ bá yín jà o. Ọ̀dọ̀ yín ni mo ti máa ń jẹ sààrì lóṣù ààwẹ̀, èmi tí mi ò gbààwẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹja yìí bá rà, kí ni mo fẹ́ gbé lọ sọ́jà? Orí mi?"

Ohùn rẹ̀ ti ń gòkè. Ilẹ̀kùn kan ṣí, òmíràn ṣí, àwọn ayálégbé yọjú. Ojú ti Rùkáyátù. Òótọ́ ni obìnrin yìí ń sọ, ìyẹn gan-an ló sì dùn ún jù, nítorí ẹni tó bá ń purọ́, èèyàn lè bá a jà. Ó tún wo omi ẹja tó ń ṣàn. Ó lọ sẹ́nu géètì, ó di orí wáyà mú, ó yọ ọ́. Iná kékeré aláwọ̀ ewé tó ń ṣẹ́jú lára ọkọ̀ kú. Nínú yàrá Akua, fíríísà mí kanlẹ̀, ó wá ń dún bó ṣe yẹ kó dún.

"Nyame nhyira wo," ni Akua wí. "Ọlọ́run á bù kún ọ. Ìwọ ni mo lè bá sọ̀rọ̀ nínú ilé yín."

Bí Rùkáyátù ṣe yíjú padà, ó rí ìyá ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn lórí ẹní ìrun, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, ètè ń mì. Kò mọ̀ bóyá ìyá rí òun. Ìyá kàn ní kó bá òun bu omi tútù, pé àyà ń dun òun díẹ̀.

Rùkáyátù ti to ọ̀rọ̀ sẹ́nu. Bó bá dé, màá ní, Bàbá Màrwà, ẹ dákun, mo yọ ọ́ nítorí ẹja Akua. Kí ló wà níbẹ̀? Á pariwo, á dákẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn onírun kò tíì tú jáde nígbà tí iná tún lọ. Ilé kùn hùn-ùn. Rùkáyátù sáré lọ ki orí wáyà bọ ara ọkọ̀ padà, pé bí iná bá tún ṣèèṣì yọjú, kó bá a níbẹ̀. Ìgbà tí Jímọ̀h máa fi dé, wáyà wà níbi tó fi í sí.

"Wọ́n tún ti mú un lọ?" Ó wọ inú ọkọ̀, ó wo ojú gíláàsì tó ń sọ iye iná tó wà nínú rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ gbá orí. "Háà! Kò mà wọlé rárá! Gbogbo ìgbà tí mo fi kírun? Ṣé kò dúró ni?"

Akua wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń gbálẹ̀.

"Kò dúró," ni Rùkáyátù wí. Ẹnu ara rẹ̀ ló ti gbọ́ ọ. "Ó ń lọ, ó ń bọ̀."

Akua tẹríba sórí ìgbálẹ̀, ó ń gbá ibi tó ti gbá tẹ́lẹ̀.

Kóókò àti kóósé, ìyẹn ẹ̀kọ mímu àti àkàrà, ni wọ́n jẹ láàárọ̀ náà, ṣùgbọ́n ìjà ni wọ́n fi jẹ ẹ́. Rùkáyátù, tí ara ń ta, ní kí ọkọ òun gbé ọkọ̀ lọ sí Santasi lójú ẹsẹ̀, kó má kó ẹrù kankan títí yóò fi kún.

"Santasi!" ni Jímọ̀h wí. "Kí n lọ máa tò láti àárọ̀ dọ̀sán? Kí n tó padà, àwọn oníbàárà mi á ti pe ọkọ̀ mìíràn. Ẹrù tòní sún mọ́ ilé. Màá fi ìwọ̀nba tó wà níbẹ̀ kó o, màá padà, iná á ti dé tó bá dọ̀sán."

"Ta ló sọ fún yín pé á dé?"

"Ta ló sọ fún ọ pé kò ní dé? Bí ojoojúmọ́ bá jẹ́ ti Santasi, Santasi ni mò ń ṣiṣẹ́ fún nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀yin."

"Jímọ̀h," ni ìyá pè é. Ó ti gbé kóókò rẹ̀ sílẹ̀ láìmu ún dé ibì kan. "Gbọ́ ti ìyàwó rẹ."

"Ìyá, ẹ jẹ́ kí n lọ wá oúnjẹ." Ó ki kóósé bọnu lódindi, ó jáde. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ìgbà tí ọkọ̀ náà lọ.

Kò padà títí oòrùn fi dé àtàrí. Iná kò dé. Akua ti ru ìwọ̀nba ẹja tó ṣì dúró lọ tà ní ẹ̀dín owó, ó ti padà. Ìyá dìde láti ṣe àlùwàlá ìrun ọ̀sán, ó gbé bútà omi, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sì lè dìde mọ́. Òógùn bò ó. "Àyà mi," ló ń wí. "Ẹ bá mi gbé nǹkan yìí kúrò láyà." Kò sì sí nǹkan kan láyà rẹ̀. Akua ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó gbé orí rẹ̀ lé itan.

Ibi tí wọ́n ti ń pariwo pé kí ẹnì kan pe tákísí ni Jímọ̀h wọlé.

"Tákísí wo? Kí wọ́n ká ìyá mi kò sínú tákísí, nígbà tí mo ní ọkọ̀ tí wọ́n lè nà gbọọrọ sí?" Ó ti ń fa tìmùtìmù jáde láti yàrá. "Ẹ bá mi gbé wọn."

"Bàbá Màrwà," ni Rùkáyátù wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ṣé á gbé wa débẹ̀?"

Jímọ̀h wo ojú gíláàsì. Iná pupa ló wà níbẹ̀. Ó wo ìyá rẹ̀. "Á gbé wa débẹ̀," ló wí. "Kò ní ṣe mí bẹ́ẹ̀."

Wọ́n tẹ́ tìmùtìmù sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n tẹ́ ìyá sórí rẹ̀, Rùkáyátù jókòó tì í. Jímọ̀h pa afẹ́fẹ́, ó pa rédíò, ó pa gbogbo ohun tó lè mu iná, ó rọra ń wakọ̀ bí ẹni tó gbé ẹyin. Ooru inú ọkọ̀ fẹ́ pa wọ́n. Wọ́n kúrò ní Sawaba, wọ́n la ìdí ọjà kọjá, wọ́n wọ Ashanti New Town. Ilé ìwòsàn ńlá wà níwájú, Rùkáyátù ti ń rò ó pé Ọlọ́run ti bo òun láṣìírí.

Ọkọ̀ epo a máa kọ́, a máa gbọ̀n, a máa kìlọ̀ fún olówó rẹ̀. Èyí ò kìlọ̀. Ó kàn dúró láàárín títì, ó dákẹ́. Àwọn trotro, bọ́ọ̀sì akérò, tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè, wọ́n ń ṣépè.

Jímọ̀h bẹ́ sílẹ̀. Ó ká wáyà ọkọ̀ sí èjìká, ó sáré wọ ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ tó rí. Rùkáyátù ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú ọkọ̀. "Mesrɛ mo! Mo bẹ̀ yín, iná díẹ̀, ìyá mi ni!" Ó jáde níbẹ̀, ó wọ èkejì. Dumsɔ ni níbi gbogbo. Ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan, wọ́n nawọ́ sí jẹnẹrétọ̀ kékeré kan fún un, èyí tí agbára rẹ̀ ò ju ti ẹ̀rọ ìgẹrun lọ. Onígbàjámọ̀ náà fẹ́ sunkún nígbà tó ń sọ pé kò lè gbé ọkọ̀. Ẹ wo bí wọ́n ṣe sọ ọmọ èèyàn dà! Ó di wáyà mú láàárín ìlú ńlá, ó ń tọrọ iná bí ẹni tó ń tọrọ omi.

"Rùkáyátù," ni ìyá pè.

"Ìyá, ẹ má sọ̀rọ̀. Wọ́n ti lọ wá iná."

"Mo rí ọ láàárọ̀."

Rùkáyátù ń fi etí ìró rẹ̀ fẹ́ ìyá lójú.

"Nígbà tí o yọ wáyà. Mo rí ọ."

"Ìyá, ẹ foríjì mí." Ó di ọwọ́ ìyá mú. "Ẹja Akua ni. Ó ń—"

"Mo gbọ́ gbogbo ohun tó sọ. Bó bá jẹ́ èmi náà ni, màá yọ ọ́." Ìyá dúró kó lè mí. Ó pẹ́ kó tó rí èémí náà. "Má sọ fún Jímọ̀h. Èmi ni mo bí i. Kò ní pariwo, kò ní nà ọ́. Á kàn máa wò ọ́ ṣáá ni. Ṣé o gbọ́? Má sọ fún un."

"Mo gbọ́, Ìyá."

Kojo, awakọ̀ tákísí kan tó wà lẹ́yìn wọn, tó ti ṣépè títí tó fi rí i pé aláìsàn ni wọ́n gbé, òun ló sọ̀ kalẹ̀, tó lé èrò tirẹ̀ jáde, tó bá wọn gbé ìyá. Wọ́n ká a kò sínú tákísí náà ni. Rùkáyátù gbé orí rẹ̀ lé àyà, Jímọ̀h gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé itan. Nígbà tí wọ́n dé ilé ìwòsàn, dókítà ọmọdé kan fi nǹkan gbọ́ àyà ìyá, ó fi gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó gbé aṣọ bò ó lójú. Ó ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù rẹ̀ ni, ó ní ká ní wọ́n tètè dé díẹ̀ sí i ni. Kò yẹ kó sọ ìyẹn. Jímọ̀h jókòó sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń wí pé, "Ìnnà lílláhì, ìnnà lílláhì," kò lè parí rẹ̀.

Àwa mùsùlùmí, a kì í fi òkú sílẹ̀ pẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìyá gbọ́dọ̀ wọ ilẹ̀. Wọ́n gbé e padà wá sí Sawaba, àwọn obìnrin fa aṣọ yí ẹ̀yìnkùlé ká, wọ́n ń wẹ̀ ẹ́. Tèslìmù, àbúrò Jímọ̀h, ti fi ọkọ̀ tí ń fa ọkọ̀ wọ́ bọ́ọ̀sì náà wálé. Ẹnì kan ní kí wọ́n wá ọkọ̀ mìíràn tí yóò gbé e lọ sí ibojì. Jímọ̀h mi orí.

"Òun ló kọ̀ láti gbé wọn dé ilé ìwòsàn," ló wí. "Òun náà ló máa gbé wọn lọ."

Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni iná dé. Kò sẹ́ni tó hó. Jímọ̀h dúró, kò fọwọ́ kan wáyà, ó ń wo ojú àwọn ará ilé bí ẹni tó ń tọrọ àyè. Akua ló kọ́kọ́ mira. Ó wọ yàrá rẹ̀ lọ, wọ́n gbọ́ tí fíríísà rẹ̀ kérora tó sì dákẹ́, ó jáde, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ẹnì kan pa fáànù rẹ̀. Ẹlòmíràn pa tẹlifíṣọ̀n. Bí wọ́n ṣe ń pa á kiri nìyẹn, láti yàrá dé yàrá, títí kò fi sí nǹkan kan tó ń jẹ iná nínú gbogbo ilé náà bí kò ṣe ọkọ̀ Jímọ̀h. Àfáà Àbdùssàlàm ní kí wọ́n má kánjú, pé kí wọ́n tó wẹ òkú tán, tí wọ́n dì í, tí wọ́n kírun sí i lára, ọkọ̀ á ti rí ìwọ̀nba tí yóò lò.

Iná náà sì dúró. Ó dúró gbọin, kò ṣẹ́jú. Ẹ̀yin ẹ wò ó! Ọjọ́ wo ni iná ti dúró bẹ́ẹ̀ ní Sawaba rí?

Nígbà tí wọ́n kírun tán, tí wọ́n gbé ìyá sẹ́yìn ọkọ̀ nínú aṣọ funfun, Jímọ̀h lọ bá Akua níbi tó jókòó sí. Ó dọ̀bálẹ̀ fún un. Gbogbo èèyàn ń wò.

"Àǹtí Akua, Ọlọ́run á san án fún yín. Ká ní àwọn oníná ṣe bí ẹ ti ṣe lónìí, ìyá mi ì bá wà láàyè. Mi ò ní gbàgbé yín."

"Due," ni Akua wí. "Due, due, ẹ kú ará fẹ́ra kù." Ó fi etí aṣọ bo ojú. Kò lè wò ó. Ó wo Rùkáyátù láti abẹ́ aṣọ náà, Rùkáyátù wo ilẹ̀.

Jímọ̀h wọ inú ọkọ̀, ó yẹ ojú gíláàsì wò. "Ó ti tó," ló wí. "Ìyá Màrwà, bá mi yọ wáyà yẹn."

Rùkáyátù lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Iná kékeré aláwọ̀ ewé náà ń ṣẹ́jú sí i.

"Bàbá Màrwà," ló pè.

Jímọ̀h yọ orí jáde. Ojú rẹ̀ ti wú. "Kí ni?"

Gbogbo ọ̀rọ̀ àárọ̀ náà ti dé ètè rẹ̀. "Kò sí nǹkan kan," ló wí.

Ó di orí wáyà mú, ó yọ ọ́. Àwọn ọkùnrin gun ọkọ̀, àwọn yòókù tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀, wọ́n ń ṣe "Lá ilaha illallahu" lọ. Àwọn obìnrin wa kì í dé ibojì, nítorí náà ẹnu géètì ni Rùkáyátù dúró sí títí ọkọ̀ fi yà ní kọ̀rọ̀, láìdún. Nínú ilé, kò sẹ́ni tó dìde lọ tan nǹkan kan padà.

Wáyà náà ṣì gbóná lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká a bí Jímọ̀h ṣe kọ́ ọ, roboto, kó fẹ̀, kó má ṣẹ́ níbì kankan. Wáyà náà lọ́ pọ̀ mọ́ra. Ó tú u, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.